Kẹ̀kẹ́ Tí Irin Ẹ̀rọ Ìfọṣọ Wà Nínú Rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé ẹni tí ó bá ra ohun èlò tí ó wọ́n jù lọ́jà ti ṣe iṣẹ́ parí. Ìtàn Graeme Obree, ará ilẹ̀ Scotland, fi yé wa pé ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìdánwò wákàtí kan ni ó ń lépa: ẹnìkan a gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí kan gbáko, a ó sì wọn ọ̀nà tí ó rìn. Láti ọdún 1984 ni Francesco Moser ará Ítálì ti rin kìlómítà 51.151, kò sì sí ẹni tí ó borí rẹ̀.

Obree kò lówó, ṣùgbọ́n ó mọ ìbéèrè í béèrè. Ó mọ̀ pé nínú eré burúkú bẹ́ẹ̀, afẹ́fẹ́ ni ó ń jẹ èyí tí ó pọ̀ jù nínú agbára ẹni. Nítorí náà ó ṣe ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kí ó lè ká apá mọ́ abẹ́ àyà. Ó fẹ́ kí ẹsẹ̀ òun méjèèjì súnmọ́ra. Ó yọ bẹ́árìn nínú ẹ̀rọ ìfọṣọ, ó fi í sí ibi tí pẹ́dà gbé ń yí. Kí orúnkún rẹ̀ má baà gbá ọ̀pá òkè, èyí tí àwa a máa gbé ọmọ jókòó lé, ó mú un kúrò pátápátá.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Keje, 1993, ní Hamar ní ilẹ̀ Norway, ó gun ẹ̀dà tí ẹlòmíràn ṣe fún un, kò sì ṣe é ṣe. Ní ọjọ́ kejì ó gun èyí tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, ó sì rin kìlómítà 51.596. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí Chris Boardman fi borí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kẹrin, 1994, Obree gba ipò rẹ̀ padà pẹ̀lú 52.713.

Ní ọdún 1994 kan náà, àjọ eré kẹ̀kẹ́ àgbáyé ka irú ìjókòó yìí léèwọ̀. Obree dá òmíràn, ó na apá síwájú gbọnrangandan, ó sì gba ife-ẹ̀yẹ àgbáyé ní 1995. Ní 1996, wọ́n ka èyí náà léèwọ̀. Àwa kò sọ pé kí eré má ní òfin. Ṣùgbọ́n orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ kan bá tú kẹ̀kẹ́ baba rẹ̀ palẹ̀, kí ẹ tó gbé pàṣán, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ohun tí ó ń wá níbẹ̀.