Ìjìyà ní Gbangba: Láti Alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ dé Ilé Ẹjọ́

Ní ilẹ̀ Kétu, alẹ́ kan wà tí oníwà ìbàjẹ́ kì í fẹ́ kí ó dé. Alẹ́ Ẹ̀fẹ̀ ni. Tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà, gbogbo wọn a péjọ sí ọjà. Bí òru bá ti jinlẹ̀, ìlù a dún, akọrin Ẹ̀fẹ̀ a sì jáde. Yóò kọ́kọ́ júbà àwọn ìyá, nítorí pé láti bu ọlá fún wọn ni a ṣe ń ṣe Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Lẹ́yìn ìjúbà ni ọ̀rọ̀ ìlú yóò bẹ̀rẹ̀. Bí ẹnì kan bá jalè, bí ìjòyè kan bá gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀, bí ọkọ kan bá ń fi ebi pa aya rẹ̀, orin lè kàn án. Àwọn ènìyàn a rẹ́rìn-ín, wọn a sì gbe orin náà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọdé pàápàá ti mọ̀ ọ́n kọ.

Kò sí pàṣán níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Síbẹ̀, ìjìyà ni. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹni tí wọ́n bá fi kọrin lóru yóò lọ sí oko àti ọjà ní ọjọ́ kejì, ibikíbi tí ó bá sì yà sí, orin ti dé ibẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Àṣà sì dáàbò bo akọrin: a kì í mú un fún ohun tí ó bá sọ ní alẹ́ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹni ńlá ni ó bá wí. Ní ọdún 2001, àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ àwọn ohun ìní tí gbogbo ayé gbọ́dọ̀ tọ́jú.

Ìjìyà tó le ju orin lọ

A kò gbọdọ̀ rò pé orin nìkan ni àwọn baba ńlá wa fi ń bá ọ̀daràn wí. Ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, ẹni tí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ bá wúwo lè kú tàbí kí wọ́n tà á lẹ́rú. Ní ọ̀pọ̀ ìlú, Orò ni ó ń mú ìdájọ́ ikú ṣẹ. Òru ni, obìnrin á sì wà nínú ilé. Àwọn ará ìlú kì í rí i. Ohùn Orò nìkan ni wọ́n ń gbọ́.

Ní Dànhòmẹ̀, ọ̀nà mìíràn ni wọ́n gbà. Ọba nìkan ni ó ní àṣẹ láti dá ẹ̀mí ènìyàn lẹ́bi. Nígbà ọdún ńlá ní Àgbómẹ̀, wọ́n ń pa àwọn arúfin àti àwọn tí a kó lógun ní gbangba, kí gbogbo ènìyàn lè mọ agbára ọba. Àwọn ará Kétu mọ ìtàn yìí dáadáa. Ní ọdún 1886, ogun Glèlè kó Kétu, ó sun ún níná, ó sì kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ sí ìgbèkùn. Ẹ̀yìn ìgbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Bẹ́hànzìn ni àwọn tó kù tó padà wá tún ìlú náà kọ́.

Àwọn Faransé náà mú ìjìyà tiwọn wá. Lábẹ́ òfin tí wọ́n ń pè ní indigénat, aláṣẹ òyìnbó lè ti ará ìlú mọ́lé fún ọjọ́ 15 láì gbé e dé iwájú adájọ́ kankan. Ẹni tí ó fi ẹ̀sùn kàn án ni ó tún ń dá a lẹ́jọ́. Bẹ́ẹ̀, Yorùbá ní agbẹjọ́ẹnìkan-dá ni àgbà òṣìkà. Ọdún 1946 ni òfin yìí tó dópin.

Kí ni ìwòran ń kọ́ni?

Àwọn tó ń jẹni níyà ní gbangba gbàgbọ́ pé ẹni tó bá rí i yóò bẹ̀rù. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n bẹ́ orí apànìyàn kan, Eugen Weidmann, ní gbangba ní Versailles ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 1939. Ariwo àti ìwà àwọn èrò tó wá wòran ti ìjọba lójú. Kí oṣù náà tó parí, wọ́n fi òfin dá pípa ènìyàn ní gbangba dúró. Ní ọdún 1981, wọ́n fi òpin sí ìdájọ́ ikú pátápátá.

Ní Nàìjíríà, ọdún 1971 ni wọ́n yìnbọn pa ògbólógbòó adigunjalè Ishola Oyenusi ní etíkun Bar Beach ní Èkó, lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìdigunjalè kò tán. Ọdún 15 lẹ́yìn náà, Lawrence Anini àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń da ìlú Ìbìní rú, tí oorun kò kun ojú àwọn ará ibẹ̀.

Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ti yan ọ̀nà mìíràn. Ní ọdún 2012, ó fọwọ́ sí àdéhùn àgbáyé tó tako ìdájọ́ ikú. Ní ọdún 2016, ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ kéde pé a kò lè dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ ikú mọ́. Ní ọdún 2018, ìjọba yí ìdájọ́ àwọn ènìyàn 14 tó ń retí ikú padà sí ẹ̀wọ̀n gbére.

Táyà àti epo bẹntiróò

Síbẹ̀, ikú ní gbangba kò tíì tán láàárín wa. Ẹnì kan a pariwo “Olè!” lọ́jà, èrò a pé, igi àti òkúta a bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Lẹ́yìn náà ni táyà àti epo bẹntiróò. Kò sí ẹni tó béèrè ohun tí wọ́n jí, kò sí ẹni tó gbọ́ tẹnu ẹni tí wọ́n mú. Àwọn tó ń ṣe é lè rò pé ìlú ni àwọn ń ràn lọ́wọ́. Lójú òfin, ìpànìyàn ni wọ́n ṣe.

Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1990 sọ ọ́ kedere: ẹni tí a fi ẹ̀sùn kàn jẹ́ aláìṣẹ̀ títí ilé ẹjọ́ yóò fi dá a lẹ́bi. Ó tún sọ pé a kò gbọdọ̀ ti ẹnikẹ́ni mọ́lé ju wákàtí 48 lọ láìsí àṣẹ adájọ́. Olè pàápàá ni òfin yìí ń dáàbò bò. Ṣùgbọ́n ju olè lọ, ó ń dáàbò bo àlejò tí a kò mọ̀, ọmọ tó ń sáré kọjá, àti ẹni tí ọ̀tá rẹ̀ nawọ́ sí.

Bí ọwọ́ bá tẹ afurasí, ẹ fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Kí ẹni tó rí i sọ ohun tí ó rí, kí ẹni tí wọ́n jà lólè sọ ohun tó sọnù. Ó lè pẹ́, ó sì lè sú ni, ṣùgbọ́n àṣìṣe rẹ̀ ṣeé tún ṣe.

Akọrin Ẹ̀fẹ̀ náà lè ṣi ènìyàn bú. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹni tí ó bú ṣì wà láàyè. Ó lè dá ara rẹ̀ láre, ó lè tọrọ àforíjì, ó sì lè yí ìwà padà. Bí Ẹ̀fẹ̀ mìíràn bá tún dé, yóò jókòó láàárín èrò lọ́jà, yóò máa gbọ́ orin.