Bí a bá di ọwọ́ ẹni tó ń bẹ̀rù mú, ọpọlọ rẹ̀ mọ̀ ọ́n

Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ọ̀rọ̀ máa ń tán lẹ́nu wa lẹ́bàá ibùsùn aláìsàn. Ọwọ́ rẹ̀ la máa ń dì mú. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi hàn pé ìṣe yìí kì í ṣe àṣedànù.

Lọ́dún 2006, James Coan, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde ìdánwò kan jáde. Abilékọ 16 ló kópa, tí àárín àwọn àti ọkọ wọn sì gún. Wọ́n dùbúlẹ̀ sínú ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ. Bí àmì X pupa bá ti yọ, wọ́n mọ̀ pé iná lè gbé ọrùn ẹsẹ̀ wọn. Nígbà mìíràn wọn ò di ọwọ́ ẹnikẹ́ni mú, nígbà mìíràn ọwọ́ àjèjì ni, nígbà mìíràn ọwọ́ ọkọ wọn.

Ọwọ́ àjèjì dín ìbẹ̀rù kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ti ọkọ ló ṣiṣẹ́ jù. Àwọn ibi tó máa ń ta gìrì nínú ọpọlọ bí ewu bá ń bọ̀ rọlẹ̀. Obìnrin tí ìgbéyàwó rẹ̀ dùn jù lọ ni ara rẹ̀ balẹ̀ jù.

Kí ló fà á? Àlàyé Coan ni pé ọpọlọ máa ń ka ẹni tí a fọkàn tán mọ́ agbára tí a ní láti kojú ewu. Ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí.

Ìrora náà ń gbọ́ràn sí ọwọ́ tó dini mú. Lọ́dún 2018, oníwádìí Pavel Goldstein àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàyẹ̀wò olólùfẹ́ méjì-méjì, ọ̀nà 22. Wọ́n fi ooru dun obìnrin lápá. Bí ọkùnrin rẹ̀ bá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ìgbì ọpọlọ àwọn méjèèjì á túbọ̀ bá ara wọn mu, ìrora á sì dínkù.

Rírọra fi ọwọ́ ra ara ẹni náà ní ọ̀nà tirẹ̀. Àwọn iṣan ìmọ̀lára kan wà ní apá àti ẹ̀yìn ọwọ́ tó máa ń jí dáadáa bí ọwọ́ bá rọra ń lọ, sẹ̀ǹtímítà 1 sí 10 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá yára jù, wọn kì í dáhùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń rọbí náà nílò ọwọ́ tó máa dì mú. Lọ́dún 2018 kan náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbani nímọ̀ràn pé kí obìnrin tó ń rọbí ní ẹni tó bá wù ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ìta ni ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn nílẹ̀ wa ń dá ọkọ rẹ̀ àti ìyá rẹ̀ dúró sí. Bí yàrá bá há, aṣọ ìkélé lè pín in. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé.