Dókítà eyín náà, oníṣòwò ni

Ọdún mẹ́fà ni ẹni tó fẹ́ di dókítà eyín ń lò ní yunifásítì, yálà n'Ìbàdàn, l'Ékòó tàbí n'Ífẹ̀, kó tó tún fi ọdún kan kọ́ṣẹ́ sí i ní ọsibítù. Wọ́n á kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yọ eyín àti bí wọ́n ṣe ń dí i, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ nípa bí wọ́n ṣe ń fi iye lé iṣẹ́ kò tó nǹkan. Ọjọ́ tó bá gba ṣọ́ọ̀bù sí Ìlaròó tàbí Ayétòrò ló máa mọ̀ pé òun ti di oníṣòwò.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Ká ní dókítà kan ń gba N15,000 láti dí eyín. Oògùn àti èlò tó lò jẹ́ N6,000, epo jẹnẹrétọ̀ N2,000, owó òṣìṣẹ́ àti owó ilé tó kan aláìsàn náà N4,000. N3,000 péré ló kù. Àga aláìsàn àti ẹ̀rọ tó ń lò sì ń gbó lójoojúmọ́. Bí kò bá yọ owó tí yóò fi ra òmíràn sọ́tọ̀ nínú N3,000 náà, owó àga ló ń jẹ, kì í ṣe èrè.

Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó púpọ̀ nínú èlò yìí wá. Lẹ́yìn tí ìjọba yí ètò pàṣípààrọ̀ owó padà ní oṣù kẹfà ọdún 2023, dọ́là tó wà ní nǹkan bíi N470 ní báńkì ti kọjá N1,400 kí oṣù kejì ọdún 2024 tó parí. Ẹni tó ń fi iye tó ra ọjà àná díwọ̀n owó iṣẹ́ òní kò ní í rí owó ra ti ọ̀la.

Ti ẹnubodè tún wà ńbẹ̀. Nígbà tí ìjọba ti ẹnubodè ní 2019, ọdún 2022 ni wọ́n tó pàṣẹ pé kí wọ́n ṣí ti Ìdí-Ìrókò padà. Bí ọjà kò bá rìn, ọ̀pọ̀ èèyàn á ní kí eyín ṣì dúró ná. Dókítà tó ti tọ́jú owó oṣù mélòó kan pamọ́ ló máa rí owó òṣìṣẹ́ san nírú àsìkò bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kò jìnnà. Ìlaròó ni Pólì ìjọba àpapọ̀ wà látọdún 1979, wọ́n sì ń kọ́ ìṣirò owó àti ìdarí okòwò níbẹ̀. Dókítà lè gba oníṣirò tí yóò máa bá a wo ìwé lóṣooṣù, ṣùgbọ́n kóun náà mọ̀ ọ́n kà.

Bó ṣe rí fún dókítà ló rí fún télọ̀, mẹkáníìkì àti oníkẹ́míìsì. Èrè ni obìnrin ń jẹ lábọ̀ ọjà. Ẹ̀yin oníṣòwò wa, ẹ kọ iye tó wọlé, iye tó jáde, àti iye tẹ́ ẹ máa fi ra irinṣẹ́ mìíràn lọ́la.