Efínrín Ẹ̀yìnkùlé: Ewé Tó Ń Lé Kòkòrò, Àti Ibi Tí Agbára Rẹ̀ Mọ

  Ọ̀rọ̀ tí a mú wá fún yín lónìí kò jìnnà sí yín rárá. Ẹ̀yìnkùlé yín ló wà. Ọ̀rọ̀ efínrín ni.

Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ dáadáa, kòkòrò náà á bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀. Ẹ̀fọn á gba inú ilé, kòkòrò á gba orí ẹ̀fọ́. Nígbà tí ẹ̀wà bá sì dé láti oko, kòkòrò tirẹ̀ á tẹ̀lé e wọlé. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń sáré ṣe ni pé kí á lọ ra oògùn apakòkòrò lọ́jà. Owó ń lọ, nígbà mìíràn májèlé sì ń wọ inú oúnjẹ. A kò sọ pé kí ẹ má ra oògùn mọ́ o. Ohun tí a ń sọ ni pé iṣẹ́ kan wà tí ewé lè ṣe, òmíràn sì wà tí kò lè ṣe. Ó yẹ kí àgbẹ̀ mọ èwo ni èwo.

Ní ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, ewé kan wà tí wọ́n ń pè ní catnip. Ológbò fẹ́ràn rẹ̀ débi pé bí ó bá gbóòórùn rẹ̀, á máa yí gbiri lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n kòkòrò kò fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọdún 2001, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì ìpínlẹ̀ Iowa ní Amẹ́ríkà sọ pé nígbà tí wọ́n dán òróró inú ewé náà wò, ó lé ẹ̀fọn ju DEET lọ, ìyẹn oògùn tí àwọn ènìyàn ń fi para kí ẹ̀fọn má baà jẹ wọ́n. Ní ọdún 2021, àwọn onímọ̀ mìíràn rí ìdí rẹ̀: òróró náà máa ń ta kòkòrò lára, bí ìgbà tí ata bá ta ènìyàn lójú.

Ilẹ̀ olótùútù ni catnip ti máa ń ṣe dáadáa, kì í ṣe irú ilẹ̀ tiwa. Ṣùgbọ́n mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ni efínrín. Ìdílé kan náà ni àwọn onímọ̀ nípa ewéko kó àwọn méjèèjì sí. Òróró tó wà nínú efínrín yàtọ̀ sí ti catnip, ṣùgbọ́n òun náà máa ń lé kòkòrò. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

IBI TÍ AGBÁRA EFÍNRÍN WÀ

Inú òróró tó wà nínú ewé ni agbára efínrín wà. Bí ewé bá wà lórí igi jẹ́jẹ́, díẹ̀ ni òróró tó ń jáde. Ẹ rìn kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òórùn rẹ̀ lè má tó nǹkan. Ẹ fi ọwọ́ ra ewé kan, òórùn á gba gbogbo ibẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá gbìn ín sí ẹnu ọ̀nà, tí kò fọwọ́ kàn án mọ́, kò tíì jẹ èrè rẹ̀ tán.

Àwọn onímọ̀ dán irú efínrín wẹ́wẹ́ kan wò ní ìwọ̀-oòrùn Kẹ́ńyà, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2002. Wọ́n gbin ewé náà sínú ìkòkò, wọ́n gbé e sí ilé tí wọ́n kọ́ fún ìdánwò. Ó lé bíi 40 nínú 100 ẹ̀fọn. Ìyẹn ni pé bíi 60 kò bìkítà. Wọ́n tún rí i pé bí a bá gbé ewé sórí ohun gbígbóná tí kò jó, ó ń lé ẹ̀fọn ju kí á sun ún nínú iná lọ.

BÍ A ṢE Ń GBÌN ÍN

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò, láti oṣù kẹta sí oṣù karùn-ún, ni ó dára jù. Irúgbìn efínrín kéré púpọ̀. Ẹ pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ, kí ẹ fọ́n ọn sórí ebè kékeré tí ẹ ti tú dáadáa. Ẹ má bò ó mọ́lẹ̀ jìn. Ẹ máa rọra wọ́n omi sí i. Nígbà tí ó bá ti ní bí ewé mẹ́fà, ẹ lọ́ ọ lọ sí ibi tí oòrùn ń dé, kí ẹ fi bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sí àárín ọ̀kan sí èkejì. Ẹni tí kò bá ní irúgbìn lè gé ẹ̀ka tútù lára ti aládùúgbò, kí ó rì í mọ́ ilẹ̀ tútù. Á ta gbòǹgbò.

Ẹ máa gé e lóòrèkóòrè. Bí ẹ bá ṣe ń gé e ni yóò máa yọ ẹ̀ka tuntun. Ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ kí ó yọ òdòdó, nítorí oyin fẹ́ràn rẹ̀, ibẹ̀ náà ni irúgbìn ọdún tó ń bọ̀ yóò ti wá.

BÍ A ṢE Ń LÒ Ó

Nínú ilé: Ní ìrọ̀lẹ́, ẹ gbé páànù sórí ẹyín iná níta tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń wọ̀, kí ẹ da ewé tútù sí i. Ẹ má jẹ́ kí ó jó. Ẹ má ṣe gbé ẹyín iná wọ yàrá tí ènìyàn fẹ́ sùn sí o, èéfín rẹ̀ lè pa ènìyàn lójú oorun. Òórùn efínrín kì í pẹ́ kó tó lọ. Ẹ̀fọn tó ń kó ibà ran wa sì máa ń jẹni jù ní òru, nígbà tí òórùn ewé ti tán. Nítorí náà, kò sí ohun tó rọ́pò àwọ̀n ẹ̀fọn. Efínrín fún ìrọ̀lẹ́, àwọ̀n fún òru.

Nínú ọgbà: Ẹ gún ewé, kí ẹ rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì, kí ẹ sẹ́ ẹ, kí ẹ sì fi ọṣẹ díẹ̀ sí i kí ó lè lẹ̀ mọ́ ewé ẹ̀fọ́. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ẹ̀fọ́ bíi mélòó kan. Bí kò bá jó ewé wọn, ẹ fọ́n ọn sí ìyókù ní ìrọ̀lẹ́. Bí òjò bá fọ̀ ọ́ lọ, ẹ tún un ṣe. Bí kòkòrò bá ti pọ̀ jù, ẹ pe òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní agbègbè yín.

Lára ẹ̀wà: Ewé efínrín tí a sá gbẹ dáadáa lè dí kòkòrò tuntun lọ́wọ́ láti wọ inú ẹ̀wà díẹ̀ tí a fẹ́ jẹ nílé. Ṣùgbọ́n kòkòrò tó ti wà nínú hóró láti oko, ewé kò lè lé e jáde. Ẹ sá ẹ̀wà kí ó gbẹ kanranjangbọ́n, kí ẹ rọ ọ́ kún inú kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ, kí ẹ dé e pa kí afẹ́fẹ́ má wọlé. Kòkòrò tí kò rí afẹ́fẹ́ mí yóò kú. Ẹ má ṣe da DDVP sí ẹ̀wà. Ìdí rẹ̀ ni àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà nínú àjọ EU fi dá ẹ̀wà gbígbẹ wa dúró ní ọdún 2015, owó àwọn àgbẹ̀ sì bá a lọ. Ní ọdún 2019, NAFDAC fòfin de ìgò kékeré oògùn náà.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, ẹ lè ya ebè kan sọ́tọ̀ fún irúgbìn efínrín, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú mẹ́wàá lọ sílé. Ewé tó bá ṣẹ́kù, ọbẹ̀ ń bẹ, ọjà ń bẹ.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí: lílé ni efínrín ń lé kòkòrò. Ibi tí lílé bá tó, ẹ lò ó. Ibi tí kò bá tó, ẹ wá ohun mìíràn tì í lẹ́yìn.