Bí A Ṣe Ń Sọ Ohun Àná ní Èdè Gẹ̀ẹ́sì

Wo gbólóhùn yìí: "Mo lọ sí ọjà." Ẹni tí ó bá gbọ́ Yorùbá kò ní bi ọ́ léèrè bóyá o ti lọ tàbí o kò tí ì lọ. Ó mọ̀ pé ó ti ṣẹlẹ̀. Wàyí o, wo èyí: "Mo mọ ilé rẹ̀." Ìsinsìnyí ni eléyìí ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ni a kò fi ohunkóhun kún "lọ", a kò sì fi nǹkan kan kún "mọ̀". Ìdí nìyí tí àwọn onígírámà wa fi pe àsìkò yìí ní afànámónìí, nítorí pé ó fa àná mọ́ òní. Ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá kì í pàwọ̀ dà nítorí pé ọjọ́ ti lọ. Ti Gẹ̀ẹ́sì ń pàwọ̀ dà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ sì ti ń kọsẹ̀.

Ìkọsẹ̀ náà kì í ṣe kékeré. Nínú 50 máàkì tí WAEC fi sí àròkọ Gẹ̀ẹ́sì, 10 wà fún gírámà, sípẹ́lì àti àmì ìkọ̀wé tí kò ní àṣìṣe. Ààbọ̀ máàkì ni wọ́n ń yọ lórí àṣìṣe kọ̀ọ̀kan. Bí o bá ṣe ogún, máàkì mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti lọ nìyẹn. Nínú àròkọ onítàn, ogún kò jìnnà rárá.

Láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni o ti mọ̀ pé "ed" ni a ń fi kún ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe: "walk" di "walked", "dance" tí ó ti ní "e" tẹ́lẹ̀ di "danced", "carry" di "carried", "stop" di "stopped". N kò ní pẹ́ lórí èyí. Ẹnu wa ni ó ń kó bá ọwọ́ wa. Ọ̀rọ̀ Yorùbá kì í fi ìró d tàbí t parí. Nígbà tí a yá "bread" lò, a fi fáwẹ̀lì tì í lẹ́yìn, ó di búrẹ́dì. Ṣùgbọ́n bí a bá dé ìparí "washed", ńṣe ni ẹnu ń gbé ìró náà mì, ọwọ́ a sì kọ "He wash the plates" bí etí ti gbọ́ ọ. Nítorí náà, máa pè é sókè bí o ti ń kọ ọ́. "Washed", "cooked" àti "jumped" ń fi ìró t parí. "Called", "begged" àti "cried" ń fi ìró d parí. Lẹ́yìn t tàbí d nìkan ni "ed" ti ń di sílébù fúnra rẹ̀, bíi "wanted" àti "needed". Ẹni tí ó bá pe "cooked" ní sílébù méjì yóò gbọ́n lórí ìwé, yóò sì pàdánù nínú ìdánwò ọ̀rọ̀ ẹnu.

Àwọn olóríkunkun wà. "Go" di "went", èyí tí ó jẹ́ ti "wend" tẹ́lẹ̀ rí. "Buy" di "bought", "bring" di "brought". Kò sí ọgbọ́n tí a lè dá sí wọn ju pé kí a kọ́ wọn sórí. "Put", "cut" àti "hit" kì í yí padà, bí ìṣe tiwa. Ṣùgbọ́n ṣọ́ra: "He puts" ni ti òní, "He put" ni ti àná. Ìró s kan péré ni ó là wọ́n.

Má ṣe rò pé "ti" ni àmì ohun àná. "Mo ti rí i" ni "I have seen him." A lè sọ pé "Mo ti rí i lánàá" ní Yorùbá, kò sí ẹni tí yóò bá ọ wí. Gẹ̀ẹ́sì kò gba "I have seen him yesterday." Bí o bá ti dárúkọ ọjọ́ tàbí ọdún tí ó ti parí, "have" kò ní àyè mọ́: "I saw him yesterday", "Nigeria became independent in 1960."

Ka ìpínrọ̀ yìí:

"Last Saturday my uncle come to our house. He carry a big bag. We did not knew what is inside. I have asked him before he sit down."

Gbólóhùn mẹ́rin, àṣìṣe mẹ́fà, máàkì mẹ́ta. Bí ó ti yẹ kí ó rí nìyí:

"Last Saturday my uncle came to our house. He carried a big bag. We did not know what was inside. I asked him before he sat down."

Ṣé o rí "know"? "Did" ti ru ẹrù àná. Ẹrù kan ṣoṣo ni, ẹni méjì kò gbọdọ̀ rù ú.

Ṣùgbọ́n má sọ gbogbo nǹkan di àná. Bí bàbá rẹ bá ṣì ń ṣe olùkọ́, tí o wá kọ "My father was a teacher" sí ọ̀rẹ́ rẹ ní òkè òkun, yóò rò pé ó ti fẹ̀yìn tì, tàbí kí ó kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn sí ọ.

Ó ku "máa ń" ti ìgbà èwe. "Mo máa ń tẹ̀ lé ìyá àgbà lọ sí oko" ni "I used to follow my grandmother to the farm." D inú "used" kò gbọdọ̀ jábọ́, àfi bí "did" bá ṣáájú: "Did you use to follow her?" "Did" náà ni ó tún gbé e.