Gbéborùn Orí Omi: Ohun Tó Yẹ Kí Ìdílé Mọ̀

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Ọmọ́lé, Ọ̀jọ́dù àti Ìṣẹrì, tí Odò Ògùn kò jìnnà sí yín, ẹ óò ti rí ewéko kan tó máa ń tẹ́ bẹẹrẹ lórí omi, tó ní òdòdó aláwọ̀ àlùkò. Gbéborùn ni àwọn kan ń pè é. Kì í ṣe ojú oró, kì í sì í ṣe òṣíbàtà tí a fi ń ṣàdúrà. Àwọn yẹn ti wà lórí omi wa tipẹ́. Àlejò ni gbéborùn.

Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá. Ẹwà òdòdó rẹ̀ ló mú kí àwọn èèyàn máa gbé e káàkiri ayé. Ọdún 1984 ni ó gba ojú omi Àgbádárìgì láti orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wọ Nàìjíríà. Bí oúnjẹ bá tó o, ó lè di ìlọ́po méjì láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ń dí ọ̀nà mọ́ ọlọ́kọ̀ àti apẹja, kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ tó ẹja lábẹ́ omi, bó bá sì wọ gọ́tà, á dá omi òjò dúró.

Kí ló ń bọ́ ọ? Ìdọ̀tí wa ni: omi ṣáláńgá, omi ọṣẹ, ajílẹ̀ inú oko àti omi iléeṣẹ́. Ìdí nìyí tí fífà á tu nìkan kò fi tó. Èso rẹ̀ lè wà nínú ẹrẹ̀ fún nǹkan bí 20 ọdún kó tó hù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, omi iyọ̀ láti inú òkun máa ń pa á lórí ọ̀sà Èkó. Bí òjò bá dé, odò á tún kó òmíràn wá. Ní Bẹ̀nẹ̀, láti 1991, wọ́n tú kòkòrò kan tó ń jẹ ewé rẹ̀ sórí omi. Ó dín in kù, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni iṣẹ́ náà gbà.

Nínú ilé, ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́ta:

Èkíní, ẹni tó bá gbìn ín fún ẹwà, kó fi sínú ọpọ́n tàbí àgbá tí omi rẹ̀ kò ṣàn lọ sí gọ́tà. Kó máa dín in kù déédéé, kó sì gé òdòdó rẹ̀ kó tó so èso.

Èkejì, ẹ má ṣe da èyí tí ẹ bá fà tu padà sínú gọ́tà. Ẹ sá a sórí ilẹ̀ gbígbẹ títí yóò fi gbẹ wonko. Igi rẹ̀ tó gbẹ wúlò: Achenyo Idachaba àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní MitiMeth ń fi hun apẹ̀rẹ̀ tà.

Ẹ̀kẹta ló ṣe pàtàkì jù. Gbòǹgbò rẹ̀ máa ń fa òjé àti irú irin olóró bẹ́ẹ̀ mu láti inú omi. Nítorí náà, èyí tó hù nínú gọ́tà tàbí odò tí omi iléeṣẹ́ Ìkẹjà àti Agége ń ṣàn sí, ẹ má ṣe já a fún àgbò Iléyá, ẹ má sì fi ṣe ajílẹ̀ ẹ̀fọ́. Ohun tí àgbò bá jẹ, àwa náà la óò jẹ ẹran rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a gbá gọ́tà iwájú ilé wa kí òjò tó dé, kí a sì yéé da ìdọ̀tí sínú rẹ̀. Bí a bá dáwọ́ oúnjẹ rẹ̀ dúró, agbára gbéborùn á dín kù. Kí Ọlọ́hun bá wa tọ́jú omi wa, àmín.