Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Ẹ̀tọ́ Àwọn Tí Kò Pọ̀ Nílé Aṣòfin

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ọwọ́ àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ ilé aṣòfin rí, níbi tí ẹgbẹ́ tó pọ̀ jù ti ní agbára, ṣùgbọ́n tí ó ní ibi tí agbára náà mọ.

Bí ó bá jẹ́ àbá òfin lásán, olórí ilé yóò bèèrè, àwọn kan yóò ké pé bẹ́ẹ̀ ni, àwọn kan yóò ké pé bẹ́ẹ̀ kọ́, òòlù yóò sì dún lórí tábìlì: ohùn tó pọ̀ ló borí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 gan-an ni a fẹ́ tún ṣe, fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn apá rẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta la ó kó jọ: 73 nínú sẹ́nétọ̀ 109, 240 nínú aṣojú-ṣòfin 360, àti ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Sẹ́nétọ̀ 37 péré, bí wọ́n bá kọ̀, wọ́n lè dá a dúró.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún, 2006, àbá tí ì bá la ọ̀nà sáà kẹta fún ààrẹ dé iwájú Sẹ́nétì. Ẹgbẹ́ ìjọba ló pọ̀ jù níbẹ̀, síbẹ̀ àwọn sẹ́nétọ̀ dà á nù.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀yin ará, ẹ má ṣe fojú ọ̀tá wo aṣòfin tó dìde wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹgbẹ́ tó pọ̀ lónìí lè di kékeré lọ́la.